Ohun tí Adìyẹ Ìyá Jìnádù Sàba Lé

Jìnádù ọmọ Òkè-Ìròmi ló ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún ará ìlú. Ó gbé ẹ̀rọ sórí òrùlé ìyá rẹ̀, ẹni tó bá sanwó ni fóònù rẹ̀ ń ríran. Ọjà ń tà wàràwàrà, àfìgbà tí ilé ìwòsàn òdìkejì títì gbé tirẹ̀ dé, tí wọ́n ní kí gbogbo àdúgbò máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Inú bí Jìnádù, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀rọ kékeré kan ló lọ rà, kò tóbi ju ẹyin lọ. Kì í dún, kì í rùn, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà já gbogbo ohun tó bá so mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Olúfúnmbi pariwo títí, ó fẹjọ́ sun ọlọ́pàá.

Òwúrọ̀ tí Inspẹ́kítọ̀ Morádéyọ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń tọpasẹ̀ irú iṣẹ́ ibi bẹ́ẹ̀ dé ni Àṣàkẹ́, aboyún kan, ń rọbí nílé ìwòsàn náà. Ẹsẹ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ yọ. Dókítà kan láti ìlú ńlá ń tọ́ nọ́ọ̀sì sọ́nà lójú fóònù tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn, àfi gbì, ojú fóònù ṣókùnkùn. Nọ́ọ̀sì kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà yí ọmọ mọ́.

Ẹ̀rọ inspẹ́kítọ̀ fa àwa ará àdúgbò tá a tẹ̀ lé e lọ tààrà sí àgbàlá ìyá Jìnádù. A tú ibùsùn, a tú ìkòkò, a gun àjà. A ò rí nǹkan kan, ẹ̀rọ náà sì ń ké ṣáá.

Jìnádù káwọ́ gbera. "Ẹ tú u dáadáa, ẹ má fi igun kan sílẹ̀. Adìyẹ Màámi tó sàba yìí nìkan ni kẹ́ ẹ má dà láàmú, ẹyin rẹ̀ á di ọ̀bu."

Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbé adìyẹ kúrò lórí ẹyin? Inspẹ́kítọ̀ gan-an fà sẹ́yìn. Àṣàkẹ́ figbe ta lódìkejì: "Ẹ gbà mí o!"

Òjò ṣú. Ìjì kan já wọ àgbàlá, ó gbá ìyẹ́ ìdí adìyẹ náà sókè pátápátá. Háà! Lábẹ́ fùrọ̀ adìyẹ, láàárín àwọn ẹyin, iná aláwọ̀ ewé kan ń ṣẹ́jú. Orí mi wú. Morádéyọ̀ tọwọ́ bọ ibẹ̀, ó fa ẹ̀rọ náà yọ, ó pa á. Kò pẹ́ tá a fi gbọ́ ohùn dókítà lókèèrè: "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ ti ké. Ọpẹ́ ni fún Olódùmarè, ìyá náà yè.

Ẹ wá gbọ́ ẹnu Jìnádù ní kóòtù. "Olúwa mi, n kò wọlé onílé, n kò fọwọ́ kan nǹkan wọn. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ̀rọ yẹn gan-an, n kò mọ ẹni tó ni ín."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. "Jìnádù ọmọ mi, kí lo tún ń fi pa mọ́? Ṣebí gbogbo wa la wà níbẹ̀."

Adájọ́ ní ẹni tó bá já íńtánẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì, ọ̀daràn ni lójú òfin, bí kò tilẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà wọn. Ó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà, bí àṣírí ẹnì kan bá tú tó sì tún ń jiyàn, ohun tí àwọn àgbà ń wí fún un ni pé: "Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ."