Ẹ̀rọ Tí Kì í Kígbe Mọ́ Ọmọ

Ọkùnrin kan wà tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ẹsẹ̀ òkè. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. Bí ọmọ bá béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Ṣé etí rẹ di ni?" Nígbà tó yá, àwọn ọmọ kò béèrè mọ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń fìdí rẹmi.

Àwọn ọmọ ìlú náà tó wà lókè òkun wá fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó kún yàrá kan. Hà! Ayọ̀ ṣubú lu ayọ̀. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ti wà nínú wọn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń yàwòrán, ó ń bi ọmọ ní ìbéèrè, ọmọ náà sì lè bi í. Bí ọmọ bá gbà á, ojú ẹ̀rọ á tan àwọ̀ ewé. Bí kò bá gbà á, ẹ̀rọ á ní kó tún un ṣe.

Inú olùkọ́ yìí dùn ju ti àwọn ọmọ lọ. Ó ní, "Olúwa ti sọ ẹrù yìí kalẹ̀ fún mi." Ó gbé àga rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́.

Àwọ̀ ewé ń tàn káàkiri yàrá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kàn ń tẹ ìdáhùn kan lẹ́yìn òmíràn, títí wọ́n á fi bọ́ sórí èyí tó tọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò lórí ìwé, wọ́n fìdí rẹmi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Àwọn òbí gbaná jẹ, wọ́n pe ìpàdé. Bàbá kan dìde, ó ní, "Ẹ kó àwọn ẹ̀rọ yẹn dànù! Eré ni wọ́n ń fi ṣe." Olùkọ́ náà mi orí, ó ní òótọ́ ni bàbá ń sọ. Bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ palẹ̀ wọn mọ́, ọmọbìnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó ń jẹ́ Arínpé, bú sẹ́kún.

Ó kúnlẹ̀ níwájú olùkọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kó wọn lọ. Ohun kan náà ni mo ń bi ẹ̀rọ yẹn ṣáá, kò kígbe mọ́ mi rí. Òun ló jẹ́ kí ìṣirò ìdá, bí ìdá kan nínú mẹ́ta, yé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí kò yé mi mọ́, mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí yín."

Àwọn òbí ní kó ṣe é kí àwọn rí i. Wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ó ṣe ìṣirò ìdá kan lójú pátákó, ó sì là á yé wọn yékéyéké. Ojú ti olùkọ́ náà gidigidi.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ inú yàrá, kò sì jáde. Ẹ̀rọ ń fi ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan há sí hàn án, òun á sì lọ jókòó ti ọmọ náà. Bí àwọ̀ ewé bá tàn, á ní, "Ó dáa. Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?" Ọmọ á ṣàlàyé. Bí ó bá béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, olùkọ́ á dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Yàrá náà wá ń hó yèè! Àwọn ọmọ ń jiyàn ìṣirò títí dé orí pápá bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí èsì ìdánwò àṣekágbá jáde, igbe ayọ̀ gba ìlú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló yege. Ìyá Arínpé pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, bó ṣe tóbi tó yẹn, ó ń jó. Olùkọ́ ṣí fìlà, ó ń jó tẹ̀lé wọn.

Ọmọ mi, ìwọ ni mò ń bá wí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ tuntun sì dé bá ọ. Mo gbọ́ pé ò ń rò ó bóyá kí o tì wọ́n mọ́lé, tàbí kí o fi àwọn ọmọ lé wọn lọ́wọ́ kí o lọ sinmi. Má ṣe é! Ẹ̀rọ ní sùúrù, ṣùgbọ́n kò lè wojú ọmọ kó mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn. Lọ ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ, kí ìwọ náà sì bá wọn wọlé.