Ìbéèrè Tí Ìyá Àjíkẹ́ Bi Ẹkùn Ìlú

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin jagunjagun orí fóònù, ẹ rọra jókòó, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Lórí Fesibúùkù ìlú wa lẹ́nu bodè, ọkùnrin kan tá ò mọ̀ rí, tó ń pe ara ẹ̀ ní Ẹkùn Ìlú, kọ ọ́ pé: "Adékànḿbí tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ Ìyá Àjíkẹ́ ò níwèé kankan tó fi wọ̀lú. Lọ́la ni màá pe àwọn aṣọ́bodè kí wọ́n wá gbé e."

A bú u! Èmi gan-an bú imú ẹ̀ tí mi ò rí rí. Ṣe ló túbọ̀ ń gbóná.

Ni Ìyá Àjíkẹ́ bá kọ tiẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni oríkì ilé yín, kí n lè kí yín dáadáa?"

Inú Ẹkùn dùn. "Ọmọ Alákétu ni mí! Láti Kétu lódìkejì bodè ni bàbá ńlá mi ti wá tẹ̀dó síbí."

"Háà, ọmọ Alákétu, mo kí yín o! Ọmọ Kétu náà ni Adékànḿbí. Ìwé wo ni bàbá ńlá yín fi wọ̀lú, ká lè bá a wá irú ẹ̀?"

Ẹ wo obìnrin!

Nígbà tó yá, Ẹkùn pa ohun tó kọ́kọ́ kọ rẹ́. Ó wá béèrè pé: "Màmá, ọmọ ilé ta ni Adékànḿbí ní Kétu?"