Bẹ́líìtì Kì í Ha Ẹ̀yìn Jìtá Alágbádá

Àwa ará Òkè-Ìrókò a máa wí pé, "Bẹ́líìtì kì í ha ẹ̀yìn jìtá alágbádá." Tọmọdé tàgbà ló ń pa á lówe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹ̀rín obìnrin kan ló bí òwe náà.

Ìyá Fọlárìn là ń wí, opó Láoyè Ìṣọ̀lá, ọ̀gá eléré jùjú tó jẹ́ pé bó bá fọwọ́ kan okùn jìtá, arọ á gbàgbé ọ̀pá rẹ̀. Jìtá oníná pupa kan ni Láoyè fi la gbogbo ayé rẹ̀ já. Nígbà tí àìsàn dé, jìtá náà ni wọ́n tà fi ra oògùn. Oògùn tán, Láoyè náà lọ. Láti ìgbà náà, kò sí òwúrọ̀ tí opó yìí kúnlẹ̀ tí kì í sọ ọ́ létí Ẹlẹ́dàá pé, "Olúwa, jẹ́ kí n gbọ́ ohùn jìtá yẹn lọ́wọ́ Fọlárìn ọmọ mi kí n tó wá bá Ọ."

Ọba tí kì í sùn gbọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n ròyìn pé jìtá náà ti wà nílùú Ìbàdàn, ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀ṣínúbi tó ń ta ohun èlò orin àtijọ́. Ọ̀ṣínúbi ní òun á fi ṣe pàṣípààrọ̀, bí wọ́n bá gbé sípíkà ńlá Láoyè wá. Sípíkà yìí nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ẹrù ẹgbẹ́ eléré náà. Bí obìnrin yìí bá sì lọ gba jìtá ẹlòmíì bọ̀, òfò méjì ni. Ó gbàdúrà, ó gbé sípíkà sínú ọkọ̀, ó mú Fọlárìn dání, ó sì bẹ Sùnmọ́nù, tó ń tún jìtá ṣe, pé kó fojú bá òun wò ó.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Ọ̀ṣínúbi gbé jìtá pupa kan sílẹ̀. Sùnmọ́nù tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo wáyà, ó gbóòórùn inú igi. Ìṣó rẹ̀ ti dógùn-ún. Ibi tó yẹ kó funfun lára rẹ̀ ti pọ́n bí eyín ajobì.

"Ti ayé àtijọ́ ni," ni Sùnmọ́nù wí. "Wọn ò yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀."

Ọ̀ṣínúbi dojú jìtá bolẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ha yánnayànna. "Ẹ wò ó, Màmá. Irin ẹnu bẹ́líìtì Bàbá ló ha á báyìí. Jìtá tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń sọ."

Sùnmọ́nù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Òótọ́ ni. Ara nǹkan tá a fi ń dá wọn mọ̀ nìyẹn."

Fọlárìn ti ń lọ gbé sípíkà wọlé nígbà tí ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀.

"Ọ̀ṣínúbi ọmọ mi, bẹ́líìtì ta lo pè é?"

"Ti Bàbá ni, Màmá."

"Bàbá wo? Ìṣọ̀lá tèmi, tó jẹ́ pé ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń ki okùn bọ ṣòkòtò rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé? Agbádá òfì ló ń wọ̀ ṣeré. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo tí wọ́n ta á lọ́rẹ, ewúrẹ́ ló fi so." Ó wá nawọ́ sí jìtá pupa mìíràn tó wà lára ògiri. "Èyí ńkọ́?"

"Ẹ fìyẹn sílẹ̀, Màmá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti dán jù. Wọ́n ti tún un kùn ni."

Sùnmọ́nù gbé e kalẹ̀. Níwájú, ibi tí apá máa ń fara tì, ọ̀dà ti bó dé igi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ń kọ mànà bí awo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ọ̀dà náà ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ jákèjádò, bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.

"Ọ̀dà tuntun kì í sán báyìí," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó kùn ún. Agbádá ló ń nù ún ní gbogbo ọdún tí Bàbá fi ń ṣeré."

Ọ̀ṣínúbi họ orí. "Màmá, ẹ má bínú. Olówó kan ní Èkó ló ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ rà á. Èmi ni mo fi ìṣó ha ẹ̀yìn ìkejì."

"Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn tó o bá fẹ́ purọ́ mọ́ òkú, kọ́kọ́ bi ìyàwó rẹ̀ léèrè aṣọ tó ń wọ̀. Bẹ́líìtì kì í ha ẹ̀yìn jìtá alágbádá."

Ọ̀ṣínúbi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Fọlárìn so jìtá mọ́ sípíkà níbẹ̀, ó fọwọ́ kan okùn. Ohùn náà jáde gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó ń ki ọkọ rẹ̀:

"Ìṣọ̀lá ọkọ mi,
a-ta-okùn-kí-ọ̀fọ̀-gbàgbé-ẹkún,
a-ká-agbádá-séjìká-kílé-orin-ó-mì!"

Wọ́n fi sípíkà sílẹ̀ fún Ọ̀ṣínúbi gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Wọ́n gbé ohùn Láoyè relé.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹnì kan bá ń jẹ́rìí lórí ẹni tí kò mọ̀, tó kó ẹ̀rí tó bá gbogbo ayé mu ṣùgbọ́n tí kò bá onítọ̀hún mu, àwọn àgbà Òkè-Ìrókò kì í bá a jiyàn. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní bẹ́líìtì kì í ha ẹ̀yìn jìtá alágbádá.