Ìjókòó Ẹ̀yìn Jíìpù Dúdú

Èyí kì í ṣe àlọ́. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ kan lé e, kí ilẹ̀ tí mò ń tẹ̀ má gbà mí mọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Ìrókò, lójú ọ̀nà tó gun òkè wọ ìlú, ní ọ̀sán gangan, àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn wa ẹrẹ̀ lọ́jọ́ náà sì ń bẹ láàyè títí di òní.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú náà tí ń jẹ́ Jégédé, oníṣòwò gẹdú. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìkà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò sọ pé ó fẹ́ràn ará ilé rẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Òkè-Ìrókò kì í bèèrè ẹni tó fẹ́ràn ará ilé rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, eruku rẹ̀ a máa di ènìyàn lójú. Bí òjò bá dé, á di ẹrẹ̀ tí ń gbé taya mì.

Ọ̀nà yìí ló pa Fọlárìn, àbúrò Jégédé. Inú ló ń run ún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e sáàárín ẹni méjì lórí ọ̀kadà, ọ̀kadà rì ní ìsàlẹ̀ òkè, kí wọ́n sì tó fà á yọ, Fọlárìn ti dákẹ́. Ó fi ìyàwó kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Ọmọ́wùnmí ni orúkọ ìyàwó náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹtàlá rèé tó ti wọlé ọkọ, “Ìyàwó” ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó wọlé tẹ̀lé e. Òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń dáná. Bí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ ilé, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń dúró sí, tí wọ́n bá ní kó bu omi wá, á bu omi wá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Fọlárìn, Jégédé búra níwájú ìyá rẹ̀ pé òun yóò ra ọkọ̀ tí yóò máa gun òkè yẹn lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, tí yóò sì gba gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kà wọ́n lórí ìka: òun, ìyá rẹ̀, Bísóyè aya rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì, Ìyàwó, àti Mopélọ́lá ọmọ Ìyàwó. Ẹni méje.

“Ọ̀nà yìí ò ní gba ẹnìkankan lọ́wọ́ mi mọ́,” ó wí.

Ìyá rẹ̀ ní àṣẹ.

Ó gbà á ní ọdún méjì kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o. Nígbà tí àkókò tó láti lọ rà á, wọ́n ṣe é bí wọ́n ti máa ń ṣe é nínú ẹbí wọn. Bí wọ́n ṣe ń lọ wo ọmọge nílé bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ wo ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ wo màlúù. Àgbà ní ń lọ. Ọmọdé àti ìyàwó ilé ní ń dúró sílé retí ohun tí àgbà bá mú bọ̀. Nítorí náà Jégédé lọ, Bísóyè lọ, wọ́n sì mú Lásún lọ, mẹkáníìkì tó ń tún àwọn ọkọ̀ agbégẹdú Jégédé ṣe. Ìyàwó jí ní kùtù, ó ṣe mọ́ínmọ́ín fún wọn jẹ lọ́nà, ó sì dúró sílé.

Àkúrẹ́ ni wọ́n lọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀, Múkáílà lorúkọ rẹ̀. Jíìpù méjì ló fi hàn wọ́n. Ọ̀kan dúdú, ó ń dán bí ikin. Èkejì ní àwọ̀ eérú, oòrùn sì ti pa ọ̀dà orí rẹ̀ díẹ̀. Àwọn méjèèjì gba ẹni méje. Ti méjèèjì, taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á. Lásún dùbúlẹ̀ sábẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi òòlù kan irin wọn, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó dẹ etí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ àyà aláìsàn.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó sọ fún Jégédé, “ẹ́ńjìnnì méjèèjì le. Ti dúdú yìí tilẹ̀ lágbára ju ìkejì lọ. Ṣùgbọ́n eléérú yìí ga nílẹ̀, irin abẹ́ rẹ̀ sì ki. Ó mọ ẹrẹ̀.”

“Dúdú ò wá mọ ẹrẹ̀?”

“Ó mọ̀ ọ́n. Títì ọlọ́dà ló wá mọ̀ jù.”

Wọ́n gbé méjèèjì jáde dán wò. Jégédé jókòó sídìí ọkọ̀, Bísóyè jókòó sáàárín, níbi tí òun yóò máa jókòó. Awọ ni ìjókòó ti dúdú, ó rọ̀ bí ìrọ̀rí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì tutù bí ọyẹ́. Aṣọ ni ti eléérú, ó le díẹ̀, ó sì ń gbọ̀n bí wọ́n bá ti kó sí kòtò.

“Bàbá Ìbídùn,” ni Bísóyè wí nínú dúdú, “ọkọ̀ rèé. Ìkejì yẹn dà bí ọkọ̀ agbókùú.”

Nígbà tí wọ́n padà dé ọgbà, Lásún ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀. “Ó yẹ kí ẹnìkan bọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, ká wo bó ṣe rí,” ó wí. “Ibẹ̀ ni méjèèjì ò ti jọra.”

Bísóyè wò ó láti òkè délẹ̀. “Èmi lo fẹ́ kí n lọ káwọ́ kásẹ̀ sẹ́yìn bí àgbò Iléyá? Èmi kọ́ ni ìyàwó, Lásún.”

“Ẹ máà bínú, àǹtí.”

“Ìwọ náà bọ́ síbẹ̀ kẹ̀.”

“Kí ló máa bọ́ síbẹ̀?” ni Múkáílà dá sí i. “Pẹ̀lú gírísì ara ẹ yẹn, lórí awọ mi? Gbé ara olóróró ẹ sọ́hùn-ún.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Jégédé náà rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé òun náà lè bọ́ síbẹ̀. Baálé ilé kì í jókòó sẹ́yìn, ì báà ṣe àdánwò. Múkáílà wá ṣàlàyé fún wọn láti ìta. Ó fa irin kékeré kan lẹ́sẹ̀ ìjókòó àárín, níbi tó kángun sí ilẹ̀kùn, ìjókòó náà sì dojú bolẹ̀. “Ibí ni wọ́n ń gbà wọlé. Láti ìta lẹ ó máa fà á. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà, láti ìta ni. Ẹni tó wà nínú ò lè ṣí i.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Jégédé wí. “Ọmọdé ò ní lè ṣí i mọ́ wa lọ́wọ́ lórí eré.”

Ti eléérú yàtọ̀. Ìjókòó àárín rẹ̀ pín sí méjì, àyè ẹsẹ̀ wà láàárín tí ènìyàn lè gbà kọjá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ṣí bí ilẹ̀kùn ilé, ó ní ìmú nínú, ó ní ìmú níta. Lásún fọwọ́ kan ìmú inú yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó sì lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Wọ́n ti rán an létí pé ẹni tí wọ́n ń sanwó iṣẹ́ fún lòun.

Dúdú ni wọ́n gbé wálé.

Ìlú yọ̀ mọ́ wọn. Ìyá Jégédé fọwọ́ pa ọkọ̀ náà láti imú dé ìdí, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó sì ṣàdúrà lé e. Lọ́jọ́ ìsinmi àkọ́kọ́, gbogbo wọn wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jégédé wà á, ìyá rẹ̀ jókòó níwájú nítorí orúnkún rẹ̀, Bísóyè àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà láàárín, Ìyàwó àti Mopélọ́lá bọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn tó wà níwájú àti láàárín sọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń kí ènìyàn. Ìgbà tí orin àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹnìkan gbọ́ tí wọ́n ń kan gíláàsì. Jégédé sáré padà, ó fa irin náà, Ìyàwó sì jáde pẹ̀lú ọmọ, àwọn méjèèjì ti làágùn dé àtẹ́lẹsẹ̀.

“Ìyàwó, ibẹ̀ lo fẹ́ sùn ni?” ni Bísóyè wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú ọmọ rẹ̀. Kó tó wọlé, ó yí padà, ó tẹ ara síwájú, ó wo irin ẹsẹ̀ ìjókòó yẹn, ó sì fi ọwọ́ wọn ibi tó wà sí ibi tí òun jókòó.

“Kí lò ń wá?” ni Bísóyè bi í.

“Kò sí o, ìyálé mi.”

Jégédé rí i. Ó rí ọwọ́ tó nà láti ibi ìjókòó ẹ̀yìn, tí kò tó irin náà. Ó sì wọlé lọ bá orin.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé ìyá lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Gbogbo ilé ló bá a lọ, gbogbo ilé ló ń bá a bọ̀, òwú funfun sì bo ojú ìyá. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n oòrùn yọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Jégédé kọjú ọkọ̀ sí òkè. Ọkọ̀ ń gùn ún dáadáa. Kò sẹ́ni tó lè purọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Àmọ́ àwọn ọkọ̀ agbégẹdú ti jẹ etí ọ̀nà níbi kọ́nà, ti Jégédé wà nínú wọn. Bí taya ẹ̀yìn ṣe tẹ ibẹ̀, ilẹ̀ ya. Ọkọ̀ náà fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun, ó rọra ń lọ, bí àgbà tó ń jókòó, títí tí ìdí rẹ̀ fi bá odò kékeré tó wà nísàlẹ̀. Òjò ọjọ́ mẹ́rin ti sọ odò náà di àgbàrá.

Ó dúró gbọọrọ, imú lókè, ìdí nínú omi. Jégédé tari ilẹ̀kùn ṣí, ó fa ìyá rẹ̀ jáde. Bísóyè ti àwọn ọmọ rẹ̀ gba ilẹ̀kùn apá òkè, òun náà sì tẹ̀lé wọn. Ìgbà náà ni Jégédé yíjú sí ẹ̀yìn. Omi ti dé Ìyàwó láyà. Ó gbé Mopélọ́lá sókè orí.

“Ẹ gba ọmọ,” ó wí.

Wọ́n fa ọmọ náà gba àlàfo tó wà láàárín orí ìjókòó àti àjà ọkọ̀. Ara rẹ̀ bó, ṣùgbọ́n ó kọjá. Ìyá rẹ̀ ò lè kọjá níbẹ̀. Jégédé wá irin yẹn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó kángun sí i ti wọ inú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì ti bo irin. Ó fa ìjókòó náà títí èékánná rẹ̀ fi ṣí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà lábẹ́ omi, kò sì sí ohun tí ẹni inú lè fi ṣí i. Bó ṣe ń fà á lọ́wọ́, àgbàrá gbé ìtì igi kan bọ̀, ó fi fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn, ó sì fún Ìyàwó mọ́ ìjókòó.

Àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta sáré wá láti oko kòkó. Wọ́n fi ọwọ́ wa ẹrẹ̀, wọ́n fi àdá gé ìjókòó aláwọ náà sí wẹ́wẹ́. Ó gbà wọ́n tó ìdajì wákàtí. Wọ́n gbé e jáde láàyè, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí àpò kòkó lẹ́bàá ọ̀nà. Igbá àyà rẹ̀ ti wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn àgbẹ̀ wo ara wọn, kò sẹ́ni tó dábàá ilé ìwòsàn.

Jégédé kúnlẹ̀ sórí ẹrẹ̀ níwájú ẹni tí ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀.

“Ìyàwó, o mọ̀,” ó wí. “Láti ọjọ́ ìsinmi yẹn lo ti mọ̀. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Ẹ ò bi mí, Bọ̀dá mi.”

“Mo dẹ̀ rí ọ. Mo rí ọ nígbà tí ò ń wò ó.”

Ó mí, ó tún mí. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ibi tí iyọ̀ wà fún àlejò:

“Ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn ni wọ́n ń mú lọ wo ọkọ̀.”

Lẹ́yìn ìyẹn, kò mí mọ́.

Ó tó ọdún kan tí Jégédé ò fi sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Mopélọ́lá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń fún un lóúnjẹ, kò lè wò ó lójú. Ìgbà tó wá sọ̀rọ̀, ìpàdé ìlú ni. Àwọn àgbà ọkùnrin jókòó, wọ́n ń jiyàn ibi tí wọn yóò gbẹ́ kànga ìlú sí. Ọ̀kan ní iwájú gbọ̀ngàn, ọ̀kan ní ẹ̀bá ilé òun. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò pọn omi rí láti ìgbà tó ti gbé ìyàwó. Jégédé dìde ní ìkángun, ó sọ ohun tí Ọmọ́wùnmí sọ, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Ọmọ́wùnmí, ó sì jókòó. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní kí wọ́n lọ pe àwọn obìnrin wá.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Ìrókò fi ń pa á lówe, láìfi kún ọ̀rọ̀ olóògbé, láìyọ kúrò nínú rẹ̀, pé: ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn ni wọ́n ń mú lọ wo ọkọ̀.