Igbá Omi Lẹ́yìn Alùpùpù

‘Ẹni tó wà níwájú ní ọ̀nà dán, ẹ bi ẹni tó wà lẹ́yìn.’ Bí ẹ bá dé ìlú Òkè-Ààsà, ẹ ó gbọ́ òwe yìí lẹ́nu tàgbà tèwe. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ lè rò pé àwọn baba ńlá tó ń tò tẹ̀lé ara wọn lọ sóko ló pa á. Rárá o. Alùpùpù ló bí i, ìyá arúgbó kan ló sì gbẹ̀bí rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láṣebìkan. Nítorí ìyá rẹ̀, Àjíún, ló ṣe ra alùpùpù, torí pé ẹsẹ̀ màmá kò gbé e dé Odò-Ẹrẹ̀ mọ́, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà ni Láṣebìkan ń gbé e lọ. Ó fẹ́ràn ọ̀nà náà púpọ̀. Ní ìdájí, kùrukùru á ṣì wà láàárín àwọn igi tíìkì, ìrì á máa kán, ọ̀nà á sì máa yọ sí i díẹ̀díẹ̀ bí ohun tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí. Á máa kọrin. Lójú tirẹ̀, alùpùpù kò rìn nílẹ̀ mọ́, ńṣe ló ń léfòó. Á wá fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Màmá, ẹni a gbé pọ̀n ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn o!” Màmá á kàn túbọ̀ di ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ mú gírígírí, Láṣebìkan á sì rò pé ìfẹ́ ni.

Lọ́jọ́ ọjà kan, màmá ní òun ò lọ, ẹsẹ̀ ń dun òun. Nígbà tí ọjà tún pé, ó ní òjò ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run mọ́ kedere. Lẹ́ẹ̀kẹta, ńṣe ló kọjú sí ògiri. Láṣebìkan rò pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti jà, ó sì dùn ún. Kò pẹ́ ni iṣẹ́ dé láti Odò-Ẹrẹ̀: “Ẹ sọ fún àbúrò mi pé ara mi ò le mọ́. Mò ń wọ̀nà.”

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọn ò bá màmá nílé mọ́. Láṣebìkan gun alùpùpù gba ọ̀nà Odò-Ẹrẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì bá a nídìí igi kajú kan, ó jókòó sórí òkúta, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí gúlegúle.

“Ẹ̀ẹ́tirí, Màmá? Ṣé ẹ fẹ́ kí aráyé máa bú mi ni, tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn?”

“Àlàó, ọmọ mi,” ni màmá fi oríkì pè é, “ẹ̀yìn alùpùpù yìí ń pa mí. Ó ń ro mí láti ìbàdí dé ọrùn. Bí mo bá sùn lóru, ńṣe ni mo ṣì ń ta sókè lórí ẹní.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi?”

“Gbogbo ìlú ló ń kí mi kú oríire ọmọ. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé gbígbé tí ọmọ mi ń gbé mi ló ń dá mi lóró?”

Láṣebìkan kò fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣé ọ̀nà yìí náà ni, ọ̀nà tó dán bí àwo? Ó rọra gbé ìyá rẹ̀ padà sílé, ó sì pe Tíjání tó ń tún alùpùpù ṣe. Tíjání fi ọwọ́ tẹ àga rẹ̀, àga náà lọ sílẹ̀, ó gbéra padà. Òun nìkan gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀. Ó ní kò sí ohun tó ṣe é.

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó bu omi odò Ṣaworo, odò tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń pọn láti kékeré, kún igbá, ó sì gbé e jáde. “Tíjání, ìwọ wà á. Àlàó, jókòó síbi tí mo máa ń jókòó. Gbé omi yìí dání fún mi dé orí afárá tó wà lọ́nà Odò-Ẹrẹ̀.”

Láṣebìkan kò jókòó lẹ́yìn alùpùpù ara rẹ̀ rí. Ẹ̀yìn Tíjání nìkan ló ń rí, kò rí ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé kòtò àkọ́kọ́, Tíjání ti rí i, ó ti gbé ìdí sókè díẹ̀. Láṣebìkan kò rí i. Gbì! Irin lu irin, omi dà sí i láyà. Gbì! Ó tún dà sí i lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà tó ti ń lálàá lórí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá di ọ̀nà tí kò mọ̀ rí. Kí wọ́n tó dé afárá, igbá ti gbẹ, Láṣebìkan sì ń sunkún. Ìdí ń dùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo orin tó ti kọ létí ìyá rẹ̀ ló ń pa á lẹ́kún.

Tíjání bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì méjèèjì tó gbé ẹ̀yìn ró ti jo epo wọn tán. Bí ẹnì kan bá dá gùn ún, wọ́n á rọ́jú gbé e. Bí ẹnì kejì bá jókòó sẹ́yìn, wọ́n á rọ̀ wálẹ̀ pátápátá. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti fi tuntun sí i.

Màmá tún bu omi kún igbá, ó sì jókòó sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Láṣebìkan kò kọrin lọ́jọ́ náà. Ní kòtò kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ló ń bi í: “Màmá, ẹ̀yìn ńkọ́?” Nígbà tí wọ́n dé Odò-Ẹrẹ̀, ẹ̀gbọ́n wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ ń wo ẹnu ọ̀nà. Omi inú igbá ju ìdajì lọ. Àjíún gbé e sí i lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n mu, ó pa ojú dé. “Omi Ṣaworo rèé,” ló wí, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin tó ń ti odò bọ̀. Ọjọ́ kẹta ló sùn tí kò jí mọ́, ọwọ́ àbúrò rẹ̀ sì wà nínú tirẹ̀.

Níbi ìsìnkú, àwọn èèyàn ń yin Láṣebìkan pé ó tọ́jú ìyá. Wọ́n bi í bóyá ọ̀nà Odò-Ẹrẹ̀ dára. Ó fẹ́ dáhùn, ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀. “Ẹni tó wà níwájú ní ọ̀nà dán,” ló wí. “Ẹ bi ẹni tó wà lẹ́yìn.”

Títí di òní, bí baálé bá ń fọ́nnu ní Òkè-Ààsà pé ilé òun tòrò, tàbí tí olórí ẹgbẹ́ kan bá ní gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, òwe yìí ni àwọn àgbà máa ń pa. Wọ́n á wá kọjú sí ìyàwó ilé, tàbí sí ọmọ ẹgbẹ́ tó kéré jù, wọ́n á sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.