Obì Tí Ìjàpá Pa Jẹ Létí Odò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò yà sílé ọba, kò yà sóko olóko, ó lọ já lu Ìjàpá ọkọ Yánníbo, pẹ̀lú obì kan àti ọ̀pá kan. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá ti fi igi kan ìjàpá lórí rí ti mọ ibi tí àlọ́ yìí máa já sí. Kó pa ẹnu mọ́. Kó má bà á jẹ́ fún àwọn tó kù.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá ní ìlú àwọn ẹranko. Kànga gbẹ. Ìrì pàápàá kò sẹ̀ mọ́. Ìgbín tí a mọ̀ mọ́ omi ń wọ́ kiri, ó gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Odò ńlá kan wà nítòsí, ṣùgbọ́n odò náà kì í ṣe tiwọn. Ọ̀nì ló jọba níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í bu omi Ọ̀nì láìbá a ṣe àdéhùn.

Àṣà ìlú ẹranko lórí àdéhùn kò le. Ikọ̀ tí wọ́n bá rán lọ sí ìlú mìíràn á mú obì àdéhùn bọ̀ wá sílé ní odindi. Á ro ohun tí wọ́n bá sọ lọ́hùn-ún fún ìgbìmọ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá gbà, àgbà inú wọn á pa obì, gbogbo ìlú á jẹ níbẹ̀. Bí wọn kò bá gbà, obì á padà síbi tó ti wá, kò sí ìjà.

Òtítọ́ ni pé ìgbìmọ̀ yìí máa ń pẹ́. Lọ́dún tó ṣáájú, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi jiyàn lórí ẹni tí yóò jókòó sí ibòji igi. Nígbà tí wọ́n fi máa parí rẹ̀, igi ti wó.

Ibẹ̀ ni Ìjàpá dì mú. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Erin ọba.

“Kábíyèsí, ta ló ni ìlú?”

“Èmi ni.”

“Ta ni òǹgbẹ ń gbẹ?”

“Gbogbo wa.”

“Ṣé ogójì ẹnu ni yóò wá bá Ọ̀nì sọ̀rọ̀, àbí ẹnu kan tó gbọ́n? Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀ lọ́hùn-ún. Omi ni ìgbìmọ̀ máa rí.”

Òkété, àgbà ìgbìmọ̀, wú ikọ́ díẹ̀. “Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí. Ẹni tí a kò fọ̀rọ̀ lọ̀, tí a wá ní kó san gbèsè rẹ̀ ńkọ́?”

“Bàbá Òkété,” ni Ìjàpá wí, “ẹ máa wa ihò yín lọ. Ọ̀rọ̀ òkèèrè ga ju ibi tí orí yín dé.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Òǹgbẹ kò jẹ́ kí wọ́n rí agbára rín ẹlẹ́ẹ̀kejì. Erin mi orí pé kí Ìjàpá máa lọ.

Ìjàpá dé odò, ó bá ẹja àrọ̀ lórí iná. Ẹja náà sanra, ó ń ta epo sílẹ̀. Ìjàpá kí Ọ̀nì, ojú rẹ̀ wà lára ẹja.

“Ikọ̀ kì í jókòó sílẹ̀ níbí,” ni Ọ̀nì wí. Wọ́n gbé Ìjàpá ka orí kùkùté ìrókò kan. Láti òkè ibẹ̀, Ìjàpá rí ìpàkọ́ Ọ̀nì. Kò rí ìpàkọ́ ọba kankan rí. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Ọ̀nì ri ọ̀pá kan mọ́ ẹrẹ̀. “Ẹ mu omi wa títí òjò yóò fi rọ̀. Àwa náà ń wá ẹni tí yóò máa bá wa kó ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ odò. Ẹnikẹ́ni nílùú yín tí kò bá ga tó ọ̀pá yìí, tiwa ni.” Ó na obì àdéhùn sí Ìjàpá.

Ìjàpá wo ọ̀pá náà láti òkè. Lójú rẹ̀, ó dà bí ìka ọmọdé. Ó ronú kan Òkété. Ó ronú kan Ìgbín. Àánú wọn ṣe é, kò pẹ́.

“Ṣé kí n mú obì délé ná?” ó béèrè, kí wọ́n má baà pè é ní aláìmọ àṣà.

“Bó bá wù ọ́. Àmọ́ ẹ̀yìn obì la máa ń jẹ ẹja.”

Ìjàpá kò rántí ìgbà tí ọwọ́ òun pa obì náà. Ohun tó rántí ni orí ẹja.

Ó délé, ó ní ó ti parí. Gbogbo ìlú sáré lọ sódò. Ẹni tó ń mumi kì í béèrè ọ̀rọ̀. Erin fún Ìjàpá ní fìlà. Ìjàpá kọ́ ilé tuntun sí ẹnu ọ̀nà ìlú, kí àlejò lè máa rí fìlà náà.

Ọjọ́ karùn-ún, àwọn ọmọ Ọ̀nì méjì gbé ọ̀pá dé, wọ́n ń kọrin:

Ta ló kúrú tó wà nílé?
Ọ̀pá ń bọ̀.
Ẹ jáde síta ká wọ̀n yín,
Ọ̀pá ń bọ̀.
Ẹni bá ga á padà sílé,
Ọ̀pá ń bọ̀.
Ẹni bá kúrú á bá wa lọ,
Ọ̀pá ń bọ̀.

Ilé tí wọ́n kọ́kọ́ kàn ni ti Ìjàpá.

“Ilé Òkété wà lọ́hùn-ún,” Ìjàpá ń júwe bí ọmọlúàbí.

“A máa débẹ̀. Bọ́ síwájú.”

Ó bọ́ síwájú. Ó wo iwájú, ó rí igi. Ó wo òkè, ó rí igi. Ó tún wo òkè sí i, igi kò tíì parí. Ẹnu rẹ̀ là, kò padé mọ́.

“Ọ̀pá yìí ti hù!” ó kígbe. “Èyí tí mo rí kúrú!”

“Orí kí lo wà nígbà tí o rí i?”

Ìjàpá sáré dé fìlà ọba. Fìlà náà ga díẹ̀. Ọ̀pá ga jù ú lọ.

Wọ́n wọn Yánníbo. Wọ́n wọn àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin. “Baálé mi,” ni Yánníbo wí, “kí ni wọ́n ń wọ̀n mí fún?”

Ìjàpá ń tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ìlú ti pé jọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí ọ̀pá náà wà fún, Ìgbín já bọ́ lára igi. Ẹtu fi ara bo ọmọ tó bí lánàá. Erin ya ẹnu, ó tún pa á dé.

Òkété ló rọra béèrè pé, “Obì dà?”

“A ti pa á.”

“Ta ló pa á?”

“Èmi.”

“Ta ló bá ọ jẹ ẹ́?”

“Èmi… èmi àti ẹja ni.”

Ìgbìmọ̀ tó jiyàn nítorí ibòji kò rí iyàn kankan já. Gbogbo wọn tẹ̀lé Òkété lọ sódò, Yánníbo àti ọkọ rẹ̀ kó àwọn ọmọ wọn tẹ̀lé wọn.

Ọ̀nì gbọ́ tẹnu wọn. “Obì tí ẹ kò rí, ẹ kò jẹ ẹ́. Mo gbà. Ẹ máa mu omi yín. Ṣùgbọ́n obì tí a ti jẹ kì í padà sórí igi. Ẹnu tó jẹ ẹ́, ilé rẹ̀ ni yóò san án. Ìlàjì ilé Ìjàpá ni mo fẹ́.” Ó yíjú sí Yánníbo. “Ìyá, ṣé wàá bá wa lọ, àbí ọkọ rẹ ni ká mú?”

Yánníbo wo ọkọ rẹ̀. Fìlà ṣì wà lórí rẹ̀.

“Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀,” ni obìnrin náà wí, “ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa bi mí léèrè nìyí.”

Ó fa ọmọ méjì lọ́wọ́, ó wọ omi lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Ìjàpá fa orí wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Fìlà ọba já bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá parọ́ fún yín, ẹ fi ọ̀pá wọ̀n mí, kí n kúrú. Ìdí nìyí tí àwọn ìjàpá kan fi ń gbé inú omi, tí àwọn kan ń gbé orí ilẹ̀. Ìdí nìyí tí èyí tó wà lórí ilẹ̀ fi ń fa orí wọlé bó bá rí igi lọ́wọ́ ọmọdé: ó rò pé wọ́n tún fẹ́ wọn òun ni. Ìdí nìyí náà tí obì àdéhùn kì í fi í là mọ́ kó tó délé.

Ìgbìmọ̀ ṣì ń pẹ́ o. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ báyìí ni pé: “Ẹ gbé ọ̀pá náà wá, ká wò ó láti ìsàlẹ̀.”