Kókó tí Akínlàjà Ta

Ní ìlú Òkè-Ẹ̀rìn, níbi tí àwọn ilé gbé lẹ̀ mọ́ ara òkè bí ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn, tọkọtaya kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Akínlàjà àti Ìbídùn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ọmọ́tóyè, òun náà ló sọ ìyá rẹ̀ di Ìyá Tóyè lẹ́nu ará àdúgbò. Ọkọ̀ kékeré kan ni wọ́n ní, ó sì ti gbó débi pé àwọ̀ ewé ara rẹ̀ ti fẹ́ di àwọ̀ eérú.

Lọ́jọ́ kan tí Akínlàjà ń ti oko bọ̀, rọ́bà tó bo oríkèé ṣáàfù ọkọ̀ náà ya. Ṣáàfù ni ọ̀pá irin tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì fún táyà iwájú. Rọ́bà yìí ni kì í jẹ́ kí gíríìsì inú oríkèé náà dà nù, tí kì í sì í jẹ́ kí iyanrìn wọlé. Akínlàjà gé awẹ́ kan lára ògbólógbòó túúbù, ó fi wé ojú ibi tó ya, ó sì ta á ní kókó. Ó wakọ̀ délé. Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn òjijì mú un lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó sì rí kókó náà. Àmì àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀ ṣì hàn ketekete nínú gíríìsì tó gbẹ mọ́ ọn lára. Àtìgbà náà ló ti ń fi àkísà nu etí rẹ̀ yíká, tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ òun kan àmì yẹn.

Rájí, mẹkáníìkì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ olóògbé, wá wo ọkọ̀ náà, ó mi orí.

"Ìyá Tóyè, rọ́bà yìí ò ṣeé fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gé e, kí n pààrọ̀ ṣáàfù náà pátá. Akínlàjà fúnra rẹ̀ ti—"

"Ẹ má dárúkọ rẹ̀ sí i! Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ kan kókó yẹn, èmi àti onítọ̀hún ni."

"Háà! Èmi kọ́ ni yóò bá opó jà." Rájí kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, bí Ìbídùn bá ti yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún, yóò gbọ́ ọ lábẹ́: kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn ọkàn rẹ̀ á sọ fún un pé ọkọ òun ló ń kànlẹ̀kùn, tó fẹ́ wọlé. Nígbà mìíràn, á sọ pé nǹkan mìíràn ni, tó fẹ́ jáde. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀rù ti ń bà á tó ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni ìrọbí mú Ọmọ́tóyè, tó wá bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn Òkè Agẹmọ ni ilé ìwòsàn wà. Ìbídùn gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì kọjú sí òkè.

"Màámi, kí ló ń ró kọ́kọ́kọ́ yẹn?"

"Kò sí nǹkan. Ìwọ ṣáà máa mí."

Ní kọ́nà tó ga jù, níbi tí ọ̀gbun wà lọ́wọ́ òsì, ariwo náà dákẹ́ lójijì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ba Ìbídùn lẹ́rù ju ariwo lọ. Gbàù! Ṣáàfù já. Ẹ́ńjìnnì ń ké tantan, ọkọ̀ kò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn. Ìbídùn tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé ilẹ̀: ọ̀pá tó já ti na okùn bíréèkì já. Ó fa bíréèkì ọwọ́. Ọkọ̀ rọra díẹ̀, síbẹ̀ kò dúró. Etí ọ̀gbun ń bọ̀ nínú dígí. Ó yíwọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ìdí ọkọ̀ sì kọlu ara òkè.

Gbogbo nǹkan dákẹ́.

"Tóyè! Tóyè o! Tóyè!"

"Mo wà ńbí, màámi. Ẹ má pariwo mọ́, ṣebí èmi ni mò ń rọbí."

Ọkọ̀ agbégi kan tó ń kọjá ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ọmọkùnrin ni Ọmọ́tóyè bí, tìyátọmọ sì yè.

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, nígbà tí wọ́n ti fa ọkọ̀ náà wálé, Rájí dé pẹ̀lú ẹrù gígùn kan tí a fi ìwé ìròyìn wé, tí eruku ti bò. Ṣáàfù tuntun ni.

"Nígbà wo lẹ rà á?"

"Èmi kọ́. Akínlàjà ló rà á, ní ọjọ́ kejì tó ta kókó yẹn, ó sì gbé e fún mi pé kí n bá òun fi sí i. Ó ní kókó náà kò ju kó gbé òun délé lọ. Mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́sí. Ó sì yẹ kí n padà wá, ẹkún yín ni mo bẹ̀rù."

Ó na ọ̀bẹ sí i. Ìbídùn kò gbà á. Ó jókòó ti ọ̀pá tó já náà, ó fi èékánná tú kókó náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tú. Gíríìsì kankan kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Iyanrìn àti ìpẹtà pupa ló dà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wò ó títí, ó sunkún, ó sì gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Ó tó," ló wí. "Ẹ bá mi fi èyí tí ọkọ mi rà sí i."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Ẹ̀rìn fi ń pa á lówe pé: Kókó tí òkú ta sílẹ̀, alààyè ní í tú u.